Èdè-Ìperí fún Títọpinpin Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Jò Lára Bọ́ọ̀sì Tí Ó Ti Pẹ́

1.0 Ìfáárà

Ìwé pélébé kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ìlànà ààbò ni ó wà nínú rẹ̀, a sì kọ ọ́ fún àwọn tí ń tún bọ́ọ̀sì ńlá ṣe ní ọgbà ọkọ̀ kan láàárín Mowe àti Ibafo, ní ẹ̀bá òpópónà tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa pé kí a bá wọn yẹ èdè rẹ̀ wò. Nínú gbogbo gbólóhùn rẹ̀, èyí tí ó dá wa dúró jù lọ ni èyí tí a kọ sílẹ̀ níhìn-ín bí a ti bá a, láìsí àmì ohùn kankan:

Bi paipu ba n jo, e tu u ki e to wo abe oko.

Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ó fẹ́ sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde lára páìpù, kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ mú kí afẹ́fẹ́ náà tán kí ó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìwé náà han àwọn mẹkáníìkì díẹ̀ ní Ibafo àti ní Ifo, kí wọ́n fi ojú ara wọn kà á, ọ̀kan rò pé páìpù tí iná ń jó ni a ń sọ. Òmíràn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ jíjò ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí àṣẹ náà pa fún òun ni kí òun fi sípánà tú páìpù náà. Ẹni tí ó bá fi sípánà tú páìpù tí afẹ́fẹ́ alágbára ṣì wà nínú rẹ̀ ti fi ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wewu. Bí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀sì tí kò sí ohun mìíràn tí ó gbé e ró ju afẹ́fẹ́ yẹn lọ, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi wewu.

Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó ti hàn gbangba pé èdè wa lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, fún àwa olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ kò sí lára ohun tí a torí rẹ̀ ṣe wọn. Nítorí náà, a ó gbìyànjú láti fi ìṣòro kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ: bí a ti ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára bọ́ọ̀sì tí afẹ́fẹ́ gbé ró. Èrò wa ni pé orúkọ tí ó bá sọ iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe fún afẹ́fẹ́, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá sọ ipò tí afẹ́fẹ́ wà, ni ó lè ṣe òṣìṣẹ́ ní àǹfààní. Èyí tí kò bá ṣe méjèèjì lè pa á lára.

2.0 Bí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Gbé Ọkọ̀ Ró

Orí irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni ara mólúè ayé àtijọ́ jókòó lé. Sípíríǹgì ni a ń pè é, irin yìí sì ni ó ń gba gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá tí ń rin ọ̀nà jíjìn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń rí ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, ni ó jẹ́ pé àpò rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ni ó gbé e ró. Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun: bọ́ọ̀sì Scenicruiser tí General Motors ṣe fún ilé-iṣẹ́ Greyhound ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954 ti ń lo afẹ́fẹ́ báyìí.

Ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni èyí tí Robert Boyle gbé jáde ní ọdún 1662, pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí ìdajì àyè tí ó wà tẹ́lẹ̀, tí ooru rẹ̀ kò sì yí padà, ipá rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu póńpù kẹ̀kẹ́ rí, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́, ti mọ èyí láìka ìwé.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì ń yí ẹ̀rọ kan tí ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tí ó sì ń fún un pọ̀. Afẹ́fẹ́ náà gba inú ohun tí ń gbẹ omi ara rẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú àwọn táǹkì. Táǹkì bíréèkì ni ó kọ́kọ́ ń kún; nígbà tí ti bíréèkì bá ti tó ni ọ̀nà tó ń ṣí fún táǹkì tí ń bọ́ àwọn àpò rọ́bà. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, ipá tí géèjì ń fi hàn bí táǹkì bá kún jẹ́ bí 100 sí 130 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan ní ìbú àti òró. Èyí tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí fọkanáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ kékeré.

Láàárín táǹkì yìí àti àpò rọ́bà ni àwọn fáàfù kan wà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan fún iwájú, méjì fún ẹ̀yìn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá irin kan tí a so mọ́ ibi tí táyà wà. Bí èrò bá wọlé tí ara ọkọ̀ sì rẹlẹ̀, apá irin yìí yóò gbéra sókè, fáàfù yóò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú àpò. Bí èrò bá bọ́ sílẹ̀ tí ara ọkọ̀ sì ga jù, fáàfù yóò jẹ́ kí díẹ̀ jáde. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń wà ní ìdọ́gba, yálà èrò kún inú rẹ̀ tàbí kò sí ẹnikẹ́ni.

3.0 Yíyan Orúkọ fún Àwọn Ẹ̀yà

3.1 Ètò náà lápapọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní olówuuru yóò sọ pé ìfikọ́ ni, nítorí pé láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́, okùn awọ ni wọ́n fi ń so ara kẹ̀kẹ́ rọ̀. Bọ́ọ̀sì kò rọ̀ sórí ohunkóhun. A gbé e ró ni. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìgbọ́kọ̀ró, láti inú gbé, ọkọ̀ àti ró. Fáwẹ́lì gbé ni a pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ́lì ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú amóhùnmáwòrán. Irú èyí tí a ń sọ ni ìgbọ́kọ̀ró aláfẹ́fẹ́.

3.2 Afẹ́fẹ́ tàbí atẹ́gùn? Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹnì kan lè lo èkíní, kí ẹlòmíràn lo èkejì. A yan afẹ́fẹ́ nítorí pé bí àmì ohùn bá sọnù lórí atẹ́gùn, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí àtẹ̀gùn, ìyẹn ibi tí èrò ń tẹ̀ gòkè wọ inú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà ni ó ní méjèèjì.

3.3 Àpò rọ́bà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń jìjàdù níbí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ́ábáàgì. Àléébù rẹ̀ ni pé orúkọ yìí kan náà ni a ń pe àpò tí ń fò yọ níwájú awakọ̀ ọkọ̀ kékeré bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ẹwìrì, ọ̀rọ̀ àbáláyé tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò. Ó kọ́kọ́ wù wá gidigidi, nítorí pé awọ ni, afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń wú, ó ń sọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹwìrì ni láti fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde sí iná. Bí ẹwìrì kò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, ó bàjẹ́. Bí àpò abẹ́ bọ́ọ̀sì bá fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, òun ni ó bàjẹ́. Orúkọ tí ó yí iṣẹ́ ohun kan padà báyìí yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ̀kẹta ni tìmùtìmù. Ohun tí a ń jókòó lé ni tìmùtìmù, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń gba ìwúwo ẹni tí ó jókòó. Bí ohun inú rẹ̀ bá tán, ó di pẹlẹbẹ. Tìmùtìmù-afẹ́fẹ́ ni a yàn.

3.4 Fáàfù tí ń mú ọkọ̀ dọ́gba. Fáàfù ti wọ èdè wa tán, kò sì yẹ kí a lé e jáde. Ohun tí ó kù ni kí a fi iṣẹ́ rẹ̀ yán an. A dábàá fáàfù amọ́kọ̀dọ́gba, tí a ṣẹ̀dá bí amúlétutù. Èyí tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ síwájú tí kì í sì í jẹ́ kí ó padà ṣòro díẹ̀. Alọmábọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, ó kúrú, ó sì ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ́ fún awakọ̀ kan ní Ifo, ó ní, “Ẹ̀yin Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ fi alọmábọ̀ ṣe nínú ọkọ̀ tí mo fẹ́ lọ tí mo fẹ́ bọ̀?” Ó tọ̀nà. Èdè-ìperí tí ẹni tí ó ni iṣẹ́ kò ní jẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pè ti kú kí a tó tẹ̀ ẹ́. Fáàfù ọlọ́nà-kan ni a fi rọ́pò rẹ̀.

3.5 Páìpù, táǹkì, géèjì, bíréèkì, sípánà àti jáàkì kò nílò ìrọ́pò. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ wọ́n.

4.0 Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́rin

Nínú ìwé pélébé tí a mẹ́nu bà, orúkọ kọ́ ni ó fa ewu, ọ̀rọ̀-ìṣe ni.

Jò, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni kí a fi pamọ́ fún afẹ́fẹ́ tí ń jáde níbi tí kò yẹ, láìsí ẹni tí ó rán an. Ó di dandan kí a fi àmì ohùn sí i nígbà gbogbo. Jó, pẹ̀lú ohùn òkè, lè jẹ́ ti iná, ó sì lè jẹ́ ti ijó. A sì lè sọ pé bọ́ọ̀sì ń jó bí ó bá ń fò sókè sódò lórí títì. Ohun mẹ́ta nìyí tí ó lè ṣe ọkọ̀ kan náà, ìtọ́jú wọn kò sì jọ ara wọn rárá.

Tú sílẹ̀ ni ti afẹ́fẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó jáde, yálà ènìyàn ni ó ṣe é tàbí fáàfù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kí a máa lò ó fún, kí a sì máa dárúkọ afẹ́fẹ́ náà. Kí a má ṣe kọ “ẹ tú u”.

Yọ ni ti ẹ̀yà tí a fi sípánà mú kúrò: a yọ páìpù, a yọ fáàfù. Bí tú àti yọ bá ti pín iṣẹ́ báyìí, àṣìṣe àkọ́kọ́ ti di ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́.

Tán ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sọ òpin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní olùwà tí ó yé ni, nítorí pé táǹkì lè ṣófo kí tìmùtìmù-afẹ́fẹ́ ṣì kún, nígbà tí fáàfù bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. “Afẹ́fẹ́ ti tán” kò tó. “Afẹ́fẹ́ táǹkì ti tán, afẹ́fẹ́ tìmùtìmù náà sì ti tán” ni ó tó.

5.0 Ìtọpinpin

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àpẹẹrẹ ni bọ́ọ̀sì kan tí a gbé sílẹ̀ ní Mowe ní alẹ́, tí ó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n tí a bá a ní òwúrọ̀ tí ó ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

5.1 Ààbò. Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sì fi igi tàbí òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì kún inú rẹ̀ tí ara rẹ̀ sì ga, kí a gbé irin ìgbéró sí abẹ́ férémù rẹ̀, ní ibi tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí. Jáàkì nìkan kò tó, nítorí òróró inú òun náà lè jò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé ró.

5.2 Géèjì àti gíga. Kí a tó gbé irin ìgbéró sí i, ìdánwò àkọ́kọ́ ni kí a fi afẹ́fẹ́ kún un, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a wọn gíga ara ọkọ̀ láti ilẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí géèjì bíréèkì ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn wákàtí kan, àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tún wọ̀n ọ́n. Bí géèjì bá dúró tí ọkọ̀ sì kúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ ìgbọ́kọ̀ró ni ó ti ń jò. Bí géèjì bá lọ sílẹ̀ tí ọkọ̀ sì dúró, kí inú ẹnikẹ́ni má dùn: ọ̀dọ̀ bíréèkì ni ó ti ń jò, fáàfù ọlọ́nà-kan ni ó ń pa ìgbọ́kọ̀ró mọ́. Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ ibi méjì ni ó ti ń jò, ó sì lè jẹ́ pé fáàfù tí ó yẹ kí ó ya ọ̀dọ̀ méjèèjì nípa ni kò ṣiṣẹ́.

5.3 Igun wo? Bí igun ẹ̀yìn kan bá kúnlẹ̀, igun yẹn ni kí a lọ wò. Ti iwájú yàtọ̀. Níbi tí fáàfù amọ́kọ̀dọ́gba kan ṣoṣo bá ti ń bọ́ tìmùtìmù méjèèjì, jíjò ọ̀kan yóò mú kí àwọn méjèèjì rẹlẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè ra tìmùtìmù méjì nígbà tí ọ̀kan, tàbí páìpù kékeré kan, ni ó bàjẹ́.

5.4 Etí. Ìdájí, kí ariwo ọkọ̀ tó gba òpópónà, ni ó dára jù láti tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ ìfìrósínìjẹ wúlò níbí ju bí a ti rò lọ. “Ṣìììì” tí kò dáwọ́ dúró jẹ́ ti jíjò. “Fùú” ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí táǹkì bá kún, tàbí nígbà tí èrò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ tú sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

5.5 Ọṣẹ. Kí a po ọṣẹ mọ́ omi, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ètò náà tí ara ọkọ̀ sì wà lórí irin ìgbéró. Ibi tí ó bá ti ń hó tí ó sì ń wú ni ó ti ń jò. Kí a kọ́kọ́ kùn ún sí ojú ìsopọ̀ páìpù, nítorí pé páìpù tí ooru ti mú le máa ń sán níbẹ̀. Lẹ́yìn náà sí fáàfù amọ́kọ̀dọ́gba. Ní ìparí sí tìmùtìmù. Lára tìmùtìmù, ojú tí ó yẹ kí a wò jù ni ibi tí rọ́bà ti ká wọ inú ara rẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń há síbẹ̀. Kí a má ṣe gbàgbé irin orí rẹ̀, tí ìpẹtà ń jẹ láìhàn sí ojú. A kò gbọdọ̀ fi iná wá ibi tí ó ti ń jò.

5.6 Fáàfù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde lẹ́nu fáàfù amọ́kọ̀dọ́gba láìdáwọ́ dúró, kí a má tètè dá fáàfù lẹ́bi. Kí a yọ apá irin rẹ̀ kúrò níbi tí a so ó mọ́, kí a sì fi í sí àárín. Bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, apá irin ni ó tẹ̀ tàbí tí a so gùn jù. Bí kò bá dáwọ́ dúró, fáàfù ni. Nítorí pé apá yìí lè mú ọkọ̀ gòkè tàbí kí ó mú un rẹlẹ̀ lójijì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kí a ti ṣe é.

5.7 Àtúnṣe. Kí a má lẹ tìmùtìmù-afẹ́fẹ́ bí ẹni lẹ táyà. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn ni rọ́bà rẹ̀ ń ká tí ó sì ń tẹ́, kò sí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn tí yóò pẹ́, pípààrọ̀ ni. Kí a sì má fi jíjò kékeré falẹ̀. Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tí kò rí ìsinmi yóò gbóná, yóò máa ti òróró sínú afẹ́fẹ́, òróró náà yóò sì ba rọ́bà jẹ́. Báyìí ni jíjò kan ṣe ń bí òmíràn. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa sì kún fún ọ̀rinrin: kí a máa da omi táǹkì nù déédéé.

6.0 Gbólóhùn Náà Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Ní báyìí, a lè padà sí gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ju ti àmì ohùn lọ. Ó fi ẹyọ àṣẹ kan ṣe iṣẹ́ méjì: a ń wá ibi tí ó ti ń jò nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, a ń tún un ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tán. Ó sì gbàgbé pé bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọkọ̀ yóò wá sílẹ̀. Báyìí ni a ṣe tún un kọ:

Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára páìpù:
(i) Ẹ dí táyà, kí ẹ sì gbé ara ọkọ̀ lé irin ìgbéró.
(ii) Ẹ tú afẹ́fẹ́ táǹkì sílẹ̀ títí yóò fi tán.
(iii) Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ títí yóò fi tán.
(iv) Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì yọ páìpù.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a fi han àwọn mẹkáníìkì wa, kò sí ẹni tí ó kà á sí ohun mìíràn.

7.0 Àtẹ Ọ̀rọ̀

ìgbọ́kọ̀ró aláfẹ́fẹ́: ètò tí ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara ọkọ̀ ró
tìmùtìmù-afẹ́fẹ́: àpò rọ́bà tí ń gba ìwúwo ọkọ̀
ẹ̀rọ ìfúnpọ̀: ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fún un pọ̀
fáàfù amọ́kọ̀dọ́gba: fáàfù tí ń pa gíga ọkọ̀ mọ́
fáàfù ọlọ́nà-kan: fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà
ipá afẹ́fẹ́: bí afẹ́fẹ́ ti ń tì tó, tí géèjì ń wọ̀n
irin ìgbéró: irin tí a ń gbé ara ọkọ̀ lé kí a tó wọ abẹ́ rẹ̀
jò: kí afẹ́fẹ́ jáde níbi tí kò yẹ
tú sílẹ̀: kí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde
yọ: kí a mú ẹ̀yà kan kúrò
tán: kí afẹ́fẹ́ má kù sí ibi tí a dárúkọ

8.0 Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní àtúnṣe. Bí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní Ifo tàbí ní Ibafo bá ní èyí tí ó sàn jù, tirẹ̀ ni kí a gbà. Ohun tí a rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè sí ni pé kí ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á, kí ẹ sì bi í pé kí ni yóò fi ọwọ́ kàn lákọ̀ọ́kọ́. Bí ó bá na ọwọ́ sí sípánà nígbà tí ẹ̀yin ní kí ó na ọwọ́ sí irin ìgbéró, ẹ tún ìwé náà kọ.